Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Búráúsà Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe kọ̀ǹpútà tí n kò ní mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo wá lo ìsinmi nílé wa ní Ungwan Dosa nílẹ̀ Hausa, orí mi sì ti wú kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn aládùúgbò a máa pè mí kí n wá wo ẹ̀rọ wọn. Èyí tí mo tún ṣe kò tó èyí tí mo bà jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo tún ṣe nìkan ni mo máa ń ròyìn.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ Ìlọrin tó ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan títí wọ́n fi tì í pa. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, á jókòó, á tẹ àmì búráúsà tí a fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àpótí lẹ́tà rẹ̀ á sì ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tò ó bẹ́ẹ̀ fún un kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt. Òun ló mú pásíwọ́ọ̀dù, òun náà ló ní kí búráúsà máa rántí rẹ̀, kí Bàbá má bàa ṣe wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ó má kọ lẹ́tà sí Bàbá, Yorùbá ló sì fi ń kọ ọ́, nítorí pé Bàbá kò fẹ́ kí a fi èdè mìíràn bá òun sọ̀rọ̀. Àwa yòókù, Hausa la fi ń dá a lóhùn.

Ọdún méjì ṣáájú ìsinmi yẹn, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa ẹ̀gbọ́n mi ní Port Harcourt. Wọ́n sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Bàbá kò lọ. Nílé tiwa, òbí kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀, kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, àwa ọmọ náà sì kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Bí Bàbá bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo rò pé ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló ń kà.

Búráúsà náà ti gbó, ó ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tuntun sórí ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ di èyí tí yóò máa ṣí nígbà gbogbo, mo sì yọ ti àtijọ́ dànù pẹ̀lú ohun gbogbo tó fi pamọ́. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú gan-an ni.

"Baba, na gyara," ni mo wí, pé mo ti tún un ṣe.

"Ọlọ́hun á bù kún ọ," ni Bàbá dáhùn.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ó pè mí jáde láti ilé ìdáná.

"Ó ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi."

"Kí ni pásíwọ́ọ̀dù yín, Baba?" ni mo bi í ní Hausa.

"Èmi kò mọ̀ ọ́n. Òun ló mọ̀ ọ́n."

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ọdún méjì ti kọjá láti ìgbà tí mo ti gbọ́ kí ó mẹ́nu kan ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn. Gbogbo orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wá sí mi lọ́kàn ni mo tẹ̀. Níkẹyìn, àwọn tó ni ètò lẹ́tà náà ní àwọn yóò fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sórí fóònù tí a fi ṣí àpótí náà, fóònù ẹ̀gbọ́n mi sì ni, láìnì náà ti kú tipẹ́. Ìyá mi fà mí sẹ́yìn ilé.

"Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa ń kà níbẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́," ni ó wí. "Mo rò pé o mọ̀ ni."

Mo sunkún. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Dìde," ni ó wí. "O kò mọ̀, èmi náà kò sì sọ." Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó fi aṣọ bò ó, kò sì tún jókòó síwájú rẹ̀ mọ́.

Bàbá ti di arúgbó báyìí, iyè rẹ̀ sì ti ń rá. Nǹkan tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀ ló ń ṣe báyìí: ó ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Á ní kí n jókòó, á máa ka lẹ́tà kan fún mi láti inú orí rẹ̀, èyí tó sọ nípa òjò Port Harcourt tí kì í dá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òjò náà wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Lánàá, ó ní kò wọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ló dúró. Ó wò mí lójú, ó bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló kọ ọ́?" Mo dá a lóhùn ní Yorùbá pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló kọ ọ́, èmi tí n kò ka ẹyọ kan rí nínú wọn.