Ọjọ́ Tí Mo Gbé Tépù Lọ sí Òkúkù

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé mi n'Ìkìrun. Kò sẹ́ni tí màá kí pé ó dàbọ̀, ni mo bá kí ilẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni mo kàn án. Ó máa ń han tẹ́lẹ̀ téèyàn bá ṣí i, èmi ni mo fi òróró pa á lẹ́nu mọ́. Mo ti ń kábàámọ̀ ẹ̀.

Àwọn ẹlòmíì ń rìnrìn àjò lọ Mẹ́kà, wọ́n ń lọ Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n bá dé wọ́n á gba orúkọ tuntun. Èmi lọ Inisa, mo lọ Òkúkù, orúkọ tí mo bá lọ náà ni mo bá bọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó rẹ̀ mí bíi tọjọ́ yẹn rí.

Káfíńtà ni mí. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tírì, ìwé ló kọ̀ mí, èmi ò kọ̀ ọ́. Ọmọ kan tí mo bí, Bọ́sẹ̀, omi orí ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Àwọn dókítà ní orúkọ òyìnbó gígùn kan fún un, mo gbìyànjú ẹ̀, ó há mi léyín. Bí wọ́n ṣe là á yé mi ni pé omi wà nínú ọpọlọ gbogbo wa, ó ń ṣàn lọ, ó ń ṣàn bọ̀. Tí ọ̀nà ẹ̀ bá dí, ó máa gbára jọ, orí ọmọ á sì máa tóbi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bọ́sẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ǹtì sí i. Ṣọ́ǹtì ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fa omi náà láti inú orí, á gba abẹ́ awọ ọrùn, á lọ tú u sínú ikùn. Ó dà bíi paípù ilé, ó sì lè dí bíi paípù ilé. Tiẹ̀ ti dí rí. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi gba yàrá kan n'Ìbàdàn nítòsí ọsibítù, tó gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ Sunday la máa ń rí ara wa, nínú fóònù.

Àwọn dókítà yẹn ń ṣe risáàṣì. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń dá àwọn ọmọ olómi orí dúró nílé, tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn wá. Sístà nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló pè mí.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ bá wa dé Inisa àti Òkúkù. Ọmọ tuntun kan wà l'Òkúkù tí wọ́n sọ fún wa nípa ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ tiyín ju tiwa lọ."

Mo sọ fún un pé nínú ilé mi gan-an, wọn kì í gbọ́ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ àti tépù tí wọ́n fi ń wọn orí ọmọ, èyí tó rọ̀ bíi ti télọ̀. Mo tì í sápò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù irin tèmi.

Ní gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni mo fẹ́ jókòó nínú kórópe, mọ́tò kékeré tí wọ́n máa ń kó wa sí bí ẹja sádìínẹ̀. Dírẹ́bà wò mí tẹsẹ̀torí.

"Bàbá Pósí, ta lẹ fẹ́ lọ wọ̀n láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Mò ń lọ kí èèyàn ni."

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá rí yín níwájú, kò sẹ́ni tó máa wọlé tì wá."

Mo kan bẹ́ẹ̀dì, mo kan àga, mo kan ilẹ̀kùn kiri gbogbo agbègbè yìí. Pósí tí mo ń kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n ń rántí. Mo bọ́ sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo ní bẹ́ǹṣì yẹn títí a fi dé Inisa, owó ẹnì kan náà ni mo sì san. Ọyẹ́ mú. Ọ̀nà ti bẹ́ níbi púpọ̀, dírẹ́bà ń yí mọ́tò kiri bí ẹni ń jó.

Ìyá Sọdíìq ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Ọsibítù la ti mọra, nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ Sọdíìq ọmọ ẹ̀. Ọmọ náà ń lé ewúrẹ́ kiri, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wò ó bíi ti adìyẹ, torí ojú kan ò ríran dáadáa. Mo yọ ìwé ìbéèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọmọ mélòó ló ní.

Ó dá ọwọ́ dúró. "Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ọmọ Yorùbá ni dókítà tó kọ ìyẹn?"

"Ọmọ Yorùbá ni."

"Tí kò sì mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

Mo kọ "wọ́n wà" síbẹ̀. Mo wá bi í pé kí ló dá a dúró kó tó gbé Sọdíìq lọ. Ó ro gàrí díẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ojú ló ń tì mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ mọ́tò, obìnrin kan fa aṣọ bo ojú ọmọ tiẹ̀ kó má bàa rí tèmi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sílé. Ó gba oṣù púpọ̀ kí n tó tún jáde. Àlùámúdù lílàhì, ó yè. Ṣùgbọ́n ká ní mo jókòó sínú mọ́tò yẹn ni, ojú yẹn ìbá ríran dáadáa. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn l'Òkúkù."

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ Òkúkù. Ọ̀nà réluwéè ń yọ sí wa láti ibì kan sí ibì kan, koríko ti bò ó. Ọlọ́kadà náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Bóyá òun náà mọ̀ mí.

Mo mọ ilé náà kí wọ́n tó júwe ẹ̀ tán. Èmi ni mo kan pósí tí wọ́n fi sin bàálé ibẹ̀. Aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà wà lórí okùn, pẹ̀lú àwọn fìlà ìkókó tí wọ́n fi wúùlù hun. Ìyá àgbà, opó bàálé náà, ń wẹ ọmọ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Tósìn ọmọbìnrin ẹ̀, tó bí ọmọ náà, ń bu omi gbígbóná.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni káfíńtà Ìkìrun?" ni ìyá wí.

"Èmi ni, mà."

"O ṣe é dáadáa. Ìdérí ẹ̀ ṣe wẹ́kú." Ó ń fi òrí pa orí ọmọ. "Kí lo wá gbà? A ti san owó ẹ tán."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń wo ọmọ náà. Ìbùkún lorúkọ ẹ̀. Àwùjẹ̀ ẹ̀ wú sókè, iṣan hàn lára awọ orí, ẹyinjú ẹ̀ sì ń wọlẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, funfun ẹ̀ ló pọ̀ lókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú Bọ́sẹ̀ ṣe rí. Mo ní kí n tètè wọ̀n ọ́n, mo ki ọwọ́ bọ àpò, tépù irin ló jáde, torí òun ló mọ ọwọ́ mi. Ó nà jáde lójú gbogbo wa, ó dún kríì.

Ìyá àgbà gbé ọmọ mọ́yà. Omi ń ro lára ọmọ sára aṣọ ẹ̀.

"Jáde."

"Ìyá, kì í ṣe èyí. Òmíì wà, rírọ̀ ni."

"Tépù tó wọn bàbá ẹ̀ àgbà ò ní kan orí ẹ̀. Jáde fún mi."

Mo jáde. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo pe ìyàwó mi, kò gbé e, kì í ṣe ọjọ́ Sunday. Mo ń wo àwọn fìlà orí okùn torí kò sí nǹkan míì tí mo lè wò. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀kan tóbi ju ọ̀kan lọ. Tósìn jáde wá da omi nù.

"Ta ló ni fìlà wọ̀nyí?"

"Ìbùkún ni, sà. Màmá ló ń hun wọ́n. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń fún un."

Mo ní kó kó wọn wọlé lọ fún ìyá ẹ̀, kó kàn bi wọ́n pé èwo ni wọ́n kọ́kọ́ hun. Èmi ò kúrò lórí búlọ́ọ̀kù mi. Mò ń gbọ́ ohùn wọn látojú fèrèsé. Ó ṣe díẹ̀, ìyá pè mí.

Wọ́n ti to fìlà sórí ẹní. Èyí tó kéré jù wọ inú èkejì, èkejì wọ inú ẹ̀kẹta, bí igbá. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, ni wọ́n fẹ́ fi sórí ọmọ. Kò wọlé.

"Mo rò pé wúùlù ló ń sún kì," ni ìyá wí. "Mo ti bá obìnrin tó ń tà á jà. Mo ní ó ń ta ayédèrú fún mi."

Mi ò ní tépù lọ́wọ́ mọ́, mo ti fi méjèèjì sílẹ̀ níta lórí búlọ́ọ̀kù.

"Ọmọ tìẹ ńkọ́? Ó yè?"

"Ó yè, mà. Ó wà n'Ìbàdàn pẹ̀lú ìyá ẹ̀. Ó ń ka A, B, D."

"Ìwọ wà níbo?"

"Ìkìrun, mà."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó wo Tósìn, ó wo ọmọ, ó wá wo yàrá tí ọkọ ẹ̀ ń sùn nígbà ayé ẹ̀. "Ohun tó o wá gbé fún èmi náà nìyẹn."

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, mà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yìí, tó bá pẹ́ sí i, kò ní ríran." Mo sọ ti Sọdíìq fún un. Ó ní kí Tósìn gba nọ́ńbà mi, kí n máa lọ, àwọn á rò ó.

Iwájú ni wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí nígbà tí mò ń bọ̀, dírẹ́bà yìí ò mọ̀ mí. Inú ìbá dùn mí tó bá jẹ́ ọjọ́ míì. Mo mú ìwé ìbéèrè jáde, mo wá ibi tí màá kọ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sí. Àyè wà fún àìlówó, àyè wà fún àìmọ̀, àyè wà fún ọ̀nà jíjìn. Kò sí àyè fún ẹni tí ẹ̀rù ilé òfìfo ń bà. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà ni pé ìyẹn náà ń dá ọmọ dúró. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù tírì.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìkìrun. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí fóònù fi dún. Ìyá àgbà ni.

"Káfíńtà, ṣé ibi ìdáná wà ní ọsibítù yẹn?"

Mo ní ó wà, lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí wọ́n mú ìkòkò kékeré, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ẹní, aṣọ tó nípọn, torí wọ́ọ̀dù máa ń tutù. Mo sọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, mo sọ pé màá pe Sístà kó dúró dè wọ́n láàárọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ju èyí tó bi mí lọ.

"Ṣé wọ́n á gba èmi náà láyè láti sùn níbẹ̀?"

"Ẹnì kan ni wọ́n ń gbà, mà. Ìyá ọmọ ni."

"Ó dáa. Mò ń di ẹrù wọn lọ́wọ́." Nígbà tó yá, ó ní, "Kí lo fẹ́ jẹ nírọ̀lẹ́ yìí?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun náà ò ní mọ̀. Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú àwa méjèèjì.