Ẹ Gbé Rasheedah Fún Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Rasheedah Àrówólò kú, nílé ìwòsàn kan níbí ní Accra, kí ladánì tó pèrun. Láàárín àwa Mùsùlùmí, ẹni tó bá kú lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa ń ní olóríire ni, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó yẹ kó ti wọlẹ̀. Rasheedah ò tíì wọlẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tó wà nínú fíríìjì mọ́ṣúárì.

Kí ló dé? Ìgbìmọ̀ ló dé. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń darí ọ́fíìsì kan tí ìjọba dá sílẹ̀ pé kó máa tọ́jú àwọn olórin wa. Wọ́n gbọ́ ikú rẹ̀ lórí rédíò, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sílé ìwòsàn pé kẹ́nikẹ́ni má gbé òkú náà, ìsìnkú ẹ̀yẹ làwọn fẹ́ ṣe. Nígbà yẹn, àbúrò rẹ̀, Ààfáà Sàbíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní àdúgbò Nima, ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú igi ìgbókùú mọ́ṣáláṣí.

"Ààfáà, chale, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ẹjọ́ mi o," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Àwọn ọ̀gá ní òkú ìjọba ni."

Òkú ìjọba kẹ̀! Ṣé ìjọba ló lóyún rẹ̀ ni? Ìyá tó bí i, Hájíà Hàdízà, ti gbé omi kaná nílé wọn ní Mamobi. Ó ní òun fúnra òun lòun máa wẹ ọmọ òun. Omi náà tutù síbẹ̀. Sàréè tí wọ́n gbẹ́ de Rasheedah, òjò rọ̀ sí i, nígbà tó yá, wọ́n sin òkú ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Nígbà tí gbogbo Accra ń jó háíláìfù, òun ló ń léwájú orin fún ẹgbẹ́ Mamobi Elétíríìkì. Orin tí wọ́n ń kọ ni wọ́n ń pè ní niú wéèfù, ìgbì tuntun: gìtá tó ń dún fín-ín, dùùrù oníná, ìlù tó ń sáré. Rasheedah fá irun ẹ̀gbẹ́ kan, ó dá ẹ̀gbẹ́ kejì sí, ó wọ kóòtù ọkùnrin. Kì í jó. Á kàn dúró gbagidi, á di máìkì mú, á kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Hausa, ní Ga, èémí kan ṣoṣo á sì gbé e já ẹsẹ orin gígùn. Ara mi máa ń bù máṣọ nígbà yẹn, ó tún ń bù máṣọ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn kan lọ fẹjọ́ sun bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ààfáà, pé ọmọ rẹ̀ ń kọrin fún àwọn ọ̀mùtí. Bàbá ní, "Ilé kéú mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ohun tó bá fi èémí ọ̀hún ṣe, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Àwọn tó fẹjọ́ sùn náà wà lára àwọn tó ń pariwo ní Nima lónìí pé kí wọ́n yọ̀ǹda òkú Rasheedah. Wọ́n mọ ara wọn, ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀ ná.

Àrùn ọ̀fun ló mú un. Ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku bíńtín. Ó wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí ọ́fíìsì yìí kan náà, nítòsí Lapaz, pé kí wọ́n bá òun wá dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀fun. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi wá sórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ àwòrán ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Rasheedah ló wà nínú àwòrán náà, irun ẹ̀gbẹ́ kan, kóòtù ọkùnrin.

"Màdáámù, ta lẹ fẹ́ rí?" Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan, ló béèrè.

Ohùn ò jáde, ni Rasheedah bá nàka sókè sí àwòrán náà. Ọmọbìnrin yẹn yíjú wò ó, ó ní, "Ẹni yẹn ò sí níbí o, màdáámù."

Rasheedah rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tó padà lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni wọ́n ń wí.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àwọn tí ò wo àìsàn ló wá ń ra àpótí onígíláàsì fún òkú báyìí! Wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ káàkiri Nima. Wọ́n máa kun ojú rẹ̀ ní àtíkè, wọ́n máa wọ kóòtù yẹn fún un. Alága wọn ní lórí rédíò pé àwọn ènìyàn pàtàkì ló ń bọ̀, ọjọ́ wọn ni kò tíì bára mu. Ṣé òkú ló yẹ kó máa dúró de àlejò? Ẹ dá a dúró láàyè, ẹ tún dá a dúró lókùú. Kí ló ṣe yín gan-an?

Ní gbogbo àárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Hájíà máa ń bi Sàbíù pé, "Ṣé òtútù ṣì ń mú un?"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù, Ọlọ́run wà."

"Wallahi, Sàbíù, èmi náà ti ń lọ. Bí mo bá lọ, ta ni yóò wẹ̀ ẹ́?"

Arúgbó ni ìyá náà. Níjọ́sí, kẹ́tùlù omi àlùwàlá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé nígbà tí wọ́n bá fi máa mú ọjọ́ tán, ọwọ́ yẹn lè má lè wẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Alága, ẹ padà sórí rédíò yẹn. Ẹ dárúkọ ẹni tó fàṣẹ sí i pé kẹ́nikẹ́ni má gbé òkú náà. Ẹ sọ òfin tó gba òkú ọmọ lọ́wọ́ ìyá fún wa. Ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń sọ pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì ṣeé wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yẹ lẹ fẹ́ ṣe, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yín, ẹ kó àwọn ènìyàn pàtàkì yín síwájú rẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ara rẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, omi máa wà lórí iná ní Mamobi. A máa wà lẹ́nu géètì yẹn pẹ̀lú igi ìgbókùú. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún wa pé ẹni yẹn ò sí níbí.