Kókó Èjìká Mi àti Odó Ìyá Àgbà

Mo ṣì kéré nígbà náà débi pé ìyá mi ló ń wẹ̀ fún mi. Ìyìn-Èkìtì la wà. Ibi tó ti ń fi kànrìnkàn fọ̀ mí lára ló ti rí kókó kan ní èjìká mi òsì. Kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò dùn mí, kò yún mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi dúró, ó wo ojúde ìyá àgbà tó múlé tì wá, ó sì yára wẹ̀ mí tán.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìyá àgbà yìí ní irú kókó bẹ́ẹ̀, èjìká òsì náà ló sì wà. Tirẹ̀ tó ẹyin adìẹ. Gbogbo wa la máa ń rí i nígbà tó bá ró ìró mọ́ àyà láti gúnyán.

Odó rẹ̀ tóbi, òun àti ìyá mi ni wọ́n sì jọ ń gún un. Bí ọmọ odó ti ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀. Inú odó kan náà ni iyán ilé méjèèjì ti ń jáde. Láti ọjọ́ tó ti rí kókó mi, ìyá mi ò lọ mọ́. Ó ní apá ń ro òun. Ó wá odó kékeré kan, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan òkèlè ilé yẹn, torí ó gbà pé ibẹ̀ ni kókó náà ti ràn mí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò á máa gbọ́ ọmọ odó kan lọ́tùn-ún, ọmọ odó kan lósì, tí wọn ò bá ara wọn mu. Kò sí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá àgbà náà fura. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kí ni odó mi ṣe fún ìyá rẹ?" Mo sá lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi abẹ ré kókó mi kúrò. Ó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó ti pọ́n abẹ náà tán. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ló kọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kì í ṣe igi. Ilé ìwòsàn Adó la ń lọ."

Dókítà tẹ kókó náà. Ó rọ̀, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ní ọ̀rá ló kó jọ lábẹ́ awọ, pé kò léwu, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Ìyá mi fojú burúkú wò ó.

"Dókítà, ẹ ò ní gún un lábẹ́rẹ́ rárá?"

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n gún lábẹ́rẹ́, ọ̀rá?"

Ó wá sọ ohun tó yẹ ká máa ṣọ́. Bí kókó bá ń yára dàgbà, bó bá le tí kò sì kúrò lójú kan, bó bá ń dunni, bó bá pọ́n tó sì gbóná, bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di egbò tí kò jiná, ká má ṣe fi falẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá mi fọwọ́ kan èjìká mi. Lójijì ló ní, "Lọ́dún tó kọjá, kò ju ekùrọ́ lọ." Mo mọ̀ pé kókó ìyá àgbà ló ń sọ.

Kò tilẹ̀ wọ ilé wa. Ilé ìyá àgbà ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ṣé kókó èjìká yín ń dùn yín?"

Ìyá àgbà fi ọwọ́ gbá ẹnu odó rẹ̀. "Ìyàwó tíṣà! Ṣé o gbọ́ pé ara odó mi ò yá ni, tí o fi wá kí i?" Ó wá fohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ó ń dùn mí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ìyá mi ló mú un lọ sí Adó. Wọ́n yọ kókó náà kúrò, wọ́n ní ó dára tí kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú egbò náà jiná, a tún gbọ́ ọmọ odó méjì nínú odó kan. Tèmi ṣì wà ní èjìká mi títí dòní.

Èmi náà ti wá di òbí tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ní nǹkan wínníwínní bí iyanrìn lápá. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní bí awọ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kò léwu. Síbẹ̀ mò ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta ìpara fún mi ní Fájuyì, ní Adó tí mò ń gbé báyìí. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa fi pa á." Mo gbé e padà fún un.

Adó ti yí padà. Iyán oníyẹ̀fun, tí kò nílò odó, ni ọ̀pọ̀ ń rò nínú ilé tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí aládùúgbò bá ń fura sí ọ, ọmọ odó kankan ò ní jẹ́ kí o gbọ́. Orí fóònù ni mo ti rí i pé ìyá kan ládùúgbò wa ti ní kí ọmọ òun má fara kan tèmi mọ́. N kò dá a lóhùn níbẹ̀. Mo ti se iṣu. Bí mo bá gún un tán, èmi àti ọmọ mi yóò gbé iyán náà lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.