Àlejò Olórí Erin ní Agbonou

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, ẹ̀yìn Honorine ni mo wà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti tiwọn ní Agbonou, ojú mi sì ni gbogbo ẹ̀ ṣe.

Obìnrin kúkúrú ni, kì í sáré, kì í sì í yà lọ́nà fún èèyàn. Ó pẹ́ ní Lomé níbi tó ti ń se oúnjẹ fún ìdílé àwọn ará Íńdíà kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ kó gbogbo ẹrù ilé lọ, wọ́n tún ń bi í pé kí ló fi ọmọ àwọn ṣe. Ìyá àgbà ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ló fà á lọ́wọ́ lọ síwájú Ganesh, ọlọ́run wọn tó ní orí erin, tí wọ́n gbà pé ó ń mú ìdínà kúrò lọ́nà ẹni. Honorine ní òun kúnlẹ̀, òun sunkún, àti pé Ganesh nìkan ni kò bi òun pé kí lòun ṣe. Bó ṣe di ẹlẹ́sìn Híńdù nìyẹn, kò sì bò ó fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá ló padà sí agbo ilé bàbá wọn, lábẹ́ Ignace ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ katikísìtì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, nínú ìjọ Àgùdà. Èèyàn dáadáa ni Ignace, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àṣẹ pípa ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, Honorine ní òun fẹ́ ṣe ọdún Ganesh nínú ọgbà. Ignace ní láéláé. Ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹbí.

Honorine ṣàlàyé fún wọn pé àlejò ni Ganesh. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, wọ́n á gbé e sínú odò kó yọ́, kó padà sílé, títí di ọdún mìíràn. Ignace ronú díẹ̀, ó dìde.

“Ó dáa,” ó ní. “Kó jókòó sọ́gbà títí tó fi máa yọ́. Ọjọ́ tó bá ti yọ́, a ò gbọdọ̀ rí òmíràn nínú ilé yìí mọ́.”

Bàbá François tó dàgbà jù nínú ẹbí ní àwọn gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Èmi bínú débi pé mi ò lè jẹun. Ọdún kan ṣoṣo péré ni wọ́n fún un yẹn, ká má tan ara wa. Honorine sọ fún mi lórí ògiri pé òun ò ní ṣe é bí olè.

Kò sì ṣe é bí olè. Colette àbúrò wọn, tó ń mọ ìkòkò bí ìyá wọn ti ń mọ ọ́n, ló mọ Ganesh náà: ikùn rọ̀bọ̀tọ̀, ọwọ́jà erin, eku kékeré lẹ́sẹ̀. Ó kùn ún ní pupa àti àwọ̀ ìyeyè kó tó gbé e wá. Honorine tẹ́ aṣọ pupa sórí àpótí, ó gbé e kà á, ó fún un lómi ìwẹsẹ̀ àti omi mímu, ó to òdòdó àti koríko tútù síwájú rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń tan káfúrà, tó ń mi agogo kékeré, tó ń kọrin. Ó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì bo àgbọn àti ṣúgà, ó sè é, módàk ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ tí Ganesh fẹ́ràn jù. Ignace ń gbójú sá tó bá ń kọjá. Dorothée ìyàwó rẹ̀ náà ń gbójú sá, àmọ́ mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan.

Lọ́jọ́ ìdágbére, Ignace ní kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ. Honorine gbé Ganesh rù, ó bọ́ sójú títì. A tẹ̀ lé e, à ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ zémì ń fun fèrè lórí alùpùpù wọn. Ignace àti Bàbá François náà ń bọ̀ lẹ́yìn, Ignace fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òpin ọ̀rọ̀.

Létí odò, Honorine tan káfúrà, ó dúpẹ́, ó sì bẹ Ganesh pé kó tètè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n ti ń wí i. Ó gbé e sómi.

A dúró. Ganesh jókòó. Omi ń ṣàn gba orí ikùn rẹ̀, ọ̀dà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ sì pupa lábẹ́ ọ̀dà bí ìkòkò ọbẹ̀. Honorine fi ìka kàn án, ó dún kangó. Colette gbọ́wọ́ lérí.

“Mo sun ún,” ó ní. “Ta ló ń gbé amọ̀ tútù jáde nílé ìyá wa?”

Ignace ní kí wọ́n fi òkúta fọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Honorine ti dìde nínú omi.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kó jókòó sọ́gbà títí tó fi máa yọ́. Kò yọ́.”

Ignace wo Bàbá François. Bàbá ní ohun tí àwọn gbọ́ náà nìyẹn. Honorine gbé àlejò rẹ̀ padà sórí, omi ń kán sí i léjìká, ó gba ojú títì náà padà sílé.

Láti ìgbà náà ni Ganesh ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wọn, Ignace ń kọjá lára rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù. Òjò ń pa á, kò ṣe é ní nǹkan kan. Oṣù kẹsàn-án tún ti dé báyìí, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì yọ́, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n má mọ òmíràn. Àná ni mo gbọ́ ohùn Honorine lórí ògiri, ó ń bá Colette sọ̀rọ̀.

“Mọ òmíràn fún mi,” ó ní. “Eléyìí, má sun ún.”