Iyán Méjì fún Ọkọ̀ Onígbòkun Méjì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìyá wa ti ń gún iyán n'Ífọ̀n. Mo ní kí n bá wọn se ọbẹ̀, wọ́n lé mi jáde nínú ilé ìdáná. "Lọ múra ìrìn àjò rẹ. Ọbẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni n ó sè é." Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Ẹnu yà mí, àmọ́ ta ni yóò bá ìyá wa jiyàn ní ìdájí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń gbé mi lọ sí Èkó, kó má bàa dàrú mọ́ yín lójú bó ṣe dàrú mọ́ èmi náà. Àbúrò mi ọkùnrin, Ṣẹ́gun, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo rò pé yóò wálé wá gbin iṣu bíi baba wa. Rárá o! Ó ní ọkọ̀ onígbòkun lòun fẹ́ rà, èyí tí atẹ́gùn ń tì, tí èèyàn ń sùn tí ó sì ń dáná nínú rẹ̀, kí òun àti ìyàwó òun máa fi lọ láti ìlú dé ìlú, Gánà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ibi tí Ọlọ́run bá ní kí wọ́n yà sí. Ó ti rí méjì, ọ̀kan ti pẹ́ láyé, ọ̀kan jẹ́ tuntun.

Ní ẹbí wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ńlá, ìbáà jẹ́ ilé, ìbáà jẹ́ mọ́tò, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, yóò sì jẹ iyán níbẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ tán, a rà á. Bí òkèlè kan bá ṣẹ́ kù, a ò rà á mọ́, kò sí àwíjàre. Bí baba wa ṣe pàdánù mọ́tò gidi kan nìyẹn, torí pé inú ń run ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lọ́jọ́ náà. Èmi ló kàn báyìí. Ṣẹ́gun sì ti ṣèlérí pé bí mi ò bá jẹ èyíkéyìí tán nínú ọkọ̀ méjèèjì, òun ó gbàgbé òkun, òun ó wálé. Ìyá wa ò sọ pé kó lọ, wọn ò sì sọ pé kó má lọ.

Láti Ìfọ̀n títí a fi kọjá Ẹlẹ́gbẹ́ká, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ẹ̀yin ará ilé mọ ìdí, àwọn ajínigbé pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Dẹ́rẹ́bà ń yẹ kòtò, àwa ń gbàdúrà sínú. Ìgbà tí a rí òrùlé Ọ̀wọ̀ ni ẹnu tó là. Nígbà tí a dé Èmùré-Ilé, mo ṣí kúlà tí ìyá wa di iyán méjì àti ọbẹ̀ wọn sí díẹ̀, láti wò ó bóyá ọbẹ̀ dà. Dẹ́rẹ́bà sín, ó tún sín.

"Ìyá, ta ni ọbẹ̀ yìí ń bínú sí?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dé kúlà mi.

Ní Èkó, Ṣẹ́gun mú mi lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí ọkùnrin ará Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Àyọ̀délé ti ń tọ́jú ọkọ̀ méjèèjì fún àwọn tó ni wọ́n. Ó ní kí n bọ́ bàtà kí n tó wọlé, àfi bíi mọ́ṣáláṣí. Ọkọ̀ tó pẹ́ láyé rí tóóró, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, pákó ni gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe na apá, ọwọ́ mi kan ògiri méjèèjì. Mo ní, "Ṣé pósí lẹ fẹ́ kó àbúrò mi sí ni?" Àmọ́ tuntun ńkọ́! Pálọ̀ gbayawu, fèrèsé ńlá, fíríjì, tìmùtìmù funfun báláú, ilé ìyàgbẹ́ méjì. Ilé tí mo ń gbé n'Ífọ̀n, ẹyọ kan ló ní.

"Ṣẹ́gun, kí lo tún ń wò? Èyí ni o!"

Àyọ̀délé mi orí. "Màmá, orí ìso ló wà yẹn. Ẹ jẹ́ ká dé ojú omi."

Ló bá ta ìgbòkun. Mo jókòó sáàárín pálọ̀, mo bu òkèlè àkọ́kọ́. Kí n tó fi kan ọbẹ̀, ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì. Yéè! Mo na ọwọ́ wá ibi tí n ó dì mú, kò sí, torí ibẹ̀ fẹ̀ jù. Èmi, iyán, abọ́ ọbẹ̀, gbogbo wa jọ yọ̀ lọ sí ògiri kejì. Epo pupa bo tìmùtìmù funfun. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun parí síbẹ̀.

A padà sétí ọ̀sà, a gbé iyán kejì, a bọ́ sínú èyí tó pẹ́ láyé. Ìyẹn náà tẹ̀, àmọ́ jẹ́jẹ́ ni, irin ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fà á mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fi ẹsẹ̀ ti ìkejì, mi ò mì. Igi kékeré tí wọ́n fi yí etí tábìlì ká kò jẹ́ kí àwo iyán yọ̀ lọ. Ohun tí mo pè ní pósí rèé! Orí mi dàrú.

Mo wá fi òkèlè kan ọbẹ̀. Ata! Ahọ́n mi gbiná, omi bọ́ lójú mi, imú mi ń ṣomi.

"Àǹtí mi, ẹ má sunkún," Ṣẹ́gun ní. "N ó máa pè yín."

Mo tún jẹ díẹ̀ sí i. Iyán ṣì ku bí ìdajì. Bí mo bá ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi, àbúrò mi á wálé, ìyá wa á máa rí i láràárọ̀. Ṣé ohun tí mo fẹ́ gan-an kọ́ nìyẹn? Ohun tí mo fẹ́ ni. Mo wojú Ṣẹ́gun. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ ọn ní kékeré, tó bá ń retí kí n fi ẹran sílẹ̀ fún òun. Olúwa mi, kí ni kí n ṣe? Mo bu òkèlè. Mo tún bu òmíràn. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi fi ìka nu abọ́.

Mo sùn sílé Ṣẹ́gun, mo sì padà lọ́jọ́ kejì. Mo bá ìyá wa lójúde.

"Káàbọ̀. Èwo lo jẹ tán?"

"Èyí tó pẹ́ láyé, Ìyá. Àgbà ọkọ̀ ni, yóò gbé e débi tó ń lọ. Àmọ́ ọbẹ̀ yẹn! Kí lẹ rí tí ẹ fi rọ́ ata báyẹn sí i?"

Wọ́n fi etí ìró nu ojú.

"Gbogbo ata tó wà nínú ilé ni mo rọ́ sí i," ni wọ́n wí. "Ó yẹ kí n ti da gbogbo iyọ̀ ilé kún un pẹ̀lú."