Ilé Tí Mo Kàn fún Òkété Ràfátù

Oníbàárà tí ó fún mi ní wàhálà jù lọ nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe kápẹ́ńtà ní Ìlobù kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, ó sì jẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkété ni.

Ìyá ìyàwó mi ló mú un wá láti Ìfọ́n. Wọ́n ń ṣán oko, wọ́n bá ọmọ òkété kan nínú ihò, kò tíì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ìyá rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ. Ìyá fi àkísà wé e, wọ́n gbé e lé Ràfátù ọmọ mi lọ́wọ́.

"Ọ̀rẹ́ rẹ nìyí. Má jẹ ẹ́ o."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ràfátù nígbà náà. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló wò. "Bàbá, kò ní kú, àbí?"

Mo ní kò ní kú.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wúwo. Ọmọ méjì ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ ṣáájú Ràfátù, ó sì mọ̀. Nítorí wọn ni n kì í fi jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sódò, n kì í jẹ́ kí ó sáré lórí òkúta, bí ó bá sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e dé ilé ìtọ́jú. Nígbà tí mo sọ fún un pé òkété náà kò ní kú, mo mọ ẹrù tí mo fi ẹnu ara mi gbé rù.

Àwọn ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àga àti tábìlì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni gbogbo wa ń kàn ṣáá. Èmi fúnra mi ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Kẹta kí bàbá mi tó kú, tí wọ́n fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì. Akọ̀wé ni Ọ̀gá ń pè mí, nítorí pé n kì í fi ayùn kan pákó láìjẹ́ pé mo wọ̀n ọ́n, kí n tún un wọ̀n. Kódà nígbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ṣì ń lọ bí iṣẹ́ bá rú mi lójú.

Pákó afárá ni mo fi kan ilé àkọ́kọ́. Afárá fúyẹ́, ó sì funfun. Rándà, irin tí a fi ń fá ojú pákó kí ó lè dán, ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ihò roboto kan wà ní igun àpótí náà, òkété sì wà nínú bàtà mi, ó ń jẹ awọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Lámídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Akọ̀wé, iṣẹ́ rẹ dùn ni. Oníbàárà rẹ ò ṣẹ́ ẹ kù."

Mo ní n óò fi ọ̀dà kun èyí tó kàn, kí ẹnu rẹ̀ má baà lè gbà á.

"Ẹni tó ń jẹ igi, o tún fẹ́ bu ọ̀dà sí i bí ọbẹ̀? Tó bá jẹ ẹ́ kú, kí lo máa sọ fún Ràfátù?"

Ti oúnjẹ kò le tó ti ilé. Ẹyìn, èkùrọ́, àgbàdo gbígbẹ, iṣu tútù tí a gé wẹ́wẹ́, àti omi tó mọ́. Mo ṣòfin fún Ràfátù: kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí ẹ̀gẹ́ tútù, nítorí pé oró wà nínú rẹ̀.

"Àkàrà ńkọ́, Bàbá?"

"Ata àti iyọ̀ ló wà nínú àkàrà."

"Ṣùgbọ́n ó ń wò mí lẹ́nu tí mo bá ń jẹ ẹ́."

Òkété kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lójú kan. Á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí orí rẹ̀ á fi fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, á wá lọ tú u pamọ́ sí igun. Iṣẹ́ Ràfátù ni láti máa kó iṣu àná kúrò níbẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Nítorí ẹ̀rù eyín, mo gbẹ́ ṣíbí onígi gígùn kan tí yóò máa fi ṣe é. Òkété jẹ ṣíbí náà.

Ilé kejì ni mo fi gbogbo ọgbọ́n mi kàn. Ìrókò ni, ó nípọn, ibi tí pákó ti pàdé ṣe rẹ́gí débi pé abẹ́ kò lè kọjá níbẹ̀. Mo ṣe ìdérí sí i, mo fi àgádágodo sí ìdérí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Ológbò ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ti ń yọjú, ìgbà òjò ni, ejò ń wọlé, àwọn aládùúgbò sì ti ń bi ìyàwó mi bóyá òkété náà ti ń sanra. Ihò kan ṣoṣo tí mo lù fún atẹ́gùn kò ju ẹnu ìṣó lọ, nítorí pé mo ń ro ejò.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, Ìyá Ìfọ́n wá kí wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì mú wọn lọ wo iṣẹ́ mi. Wọ́n rọra fi ìka kan ìdérí rẹ̀, kó, kó. Wọ́n mọ̀ pé èmi náà ni mo ń kan pósí fún àwọn onígbàgbọ́ ìlú wa.

"Bàbá Ràfátù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dára gan-an. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Ilé òkété ni."

"Ẹ ṣí i kí n kí i."

Mo ṣí i. Ooru ló kọ́kọ́ kọ lù mí lójú, lẹ́yìn náà ni òórùn. Òkété fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó yanu, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wìrìwìrì. Ràfátù dúró lẹ́yìn mi. Kò sunkún. Mo mọ̀ pé ojú mi ló ń wò, n kò sì lè yíjú sí i.

Ìyá gbé e lọ sí abẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń fi ìka kán omi sí i lẹ́nu. Èmi kúnlẹ̀ ti àpótí, mo wo inú rẹ̀. Mo lè wo ojú pákó kí n sọ ibi tí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ti gbọ̀n. Nínú àpótí afárá, igun ni òkété ti gé, gẹ́gẹ́ bí ohun tó fẹ́ jáde. Nínú ti ìrókò, kò fọwọ́ kan igun rárá. Ẹ̀bá ihò ìṣó yẹn nìkan ni eyín rẹ̀ wà, yíká yíká. Kì í ṣe ọ̀nà ló ń wá. Èémí ló ń wá.

Mo gbé ayùn, mo gé gbogbo iwájú ìrókò náà kúrò. Tíṣà kan ti gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ fún mi, nẹ́ẹ̀tì onírin rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Òun ni mo kàn mọ́ ojú ibẹ̀. Mo gé garawa kẹrosíìnì, mo fi páànù rẹ̀ bo etí pákó, mo sì ká ẹnu rẹ̀ wọnú kí ó má baà gé e. Mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní dúdú, nítorí pé ọ̀sán ni òkété fi ń sùn, mo kó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ síbẹ̀. Ẹ̀là ìrókò kan ni mo so sí àárín, kí ó ní ohun tí yóò máa jẹ, kí eyín rẹ̀ tí kì í yé hù má baà gùn jù.

Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, Ràfátù ké láti ẹ̀yìn ilé: "Bàbá! Ó ti mú ẹyìn! Ó ti fi sẹ́nu!"

Nígbà tí Tíṣà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó ń wò. "Kápẹ́ńtà, ọbẹ̀ ni mo ní kí o ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún. Kí lèyí ń ṣe lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì mi?"

Ràfátù kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló ṣáájú yín dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní sùúrù fún mi títí mo fi ra nẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo fún Ràfátù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sódò. Mo tẹ̀lé wọn lókèèrè o, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó lọ.

Òkété náà gbó sí wa lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá a tó ká jọ sínú ewé rẹ̀, kò mí mọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi ṣàlàyé nígbà tí Ràfátù ní, "Bàbá, ó ti gbó ni." Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí.

Nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ní Òṣogbo, mo kan àpótí aṣọ fún un. Ó wò ó yíká.

"Bàbá, kí ni gbogbo ihò wọ̀nyí?"

N kò mọ ìgbà tí mo lù wọ́n. Wọ́n tò sí ìhà méjèèjì, mo sì ti fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n láti inú. "Kí atẹ́gùn lè máa wọlé," ni mo wí.

"Sára aṣọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n dí wọn. Ó ní kí n má dí wọn.

Nígbà tí ó dé fún ìsinmi, lẹ́yìn òjò tí kò dáwọ́ dúró, ó ní ọ̀rinrin mú kí inú àpótí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bu, aṣọ wọn sì ń rùn. Tirẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà náà, kò sí àpótí ilé-ìwé tó ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde láìní ihò. Bí àwọn òbí bá bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo máa ń sọ fún wọn pé oníbàárà kan tí ń jẹ ìrókò ló fi eyín rẹ̀ sàmì síbi tó yẹ kí n lu ihò sí.