Àpótí Kejì

Alágídí ni wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò wa. Kì í kó ẹrù rẹ̀ sílé onílé, kì í tọ́jú fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú kọ̀ǹpútà tó gbé kalẹ̀ sí yàrá ni gbogbo fọ́tò àti fídíò ìdílé rẹ̀ wà, ó sì ṣètò kí ẹ̀dà wọn máa lọ fúnra rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan tó ń tọ́jú fáìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú, ọkàn rẹ̀ tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ó gbé àpótí náà wálé, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ó ṣí i níwájú ìyàwó rẹ̀. Orúkọ gbogbo fáìlì pé síbẹ̀, àmọ́ inú wọn ṣófo, títí kan fídíò tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn tó kú.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ ò ṣí i wò rí?"

"Iná rẹ̀ máa ń tàn," lọkọ fèsì.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó. "Mo ti ń gbàgbé ohùn ọmọ yẹn."